Child Benefit ní ìlú ọba: ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti Abẹ́òkúta lọ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Manchester ń bèèrè, màmá tó wà ní Ìjẹmọ̀ tí ọmọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kíà ní Birmingham ń bá ọmọ bèèrè, ẹni tó ṣì ń dúró de físà ní Ọbáńtókò náà ń bèèrè: ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ibẹ̀ ń fún òbí lówó lórí ọmọ, báwo la ṣe ń gbà á, ṣé wọ́n á fún mi lórí ọmọ tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi?

Ìdáhùn kúkúrú rèé. Owó náà wà, Child Benefit lorúkọ ẹ̀, HMRC tó ń gba owó orí níbẹ̀ ló ń san án. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé UK ló tọ́ sí, ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó lọ pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́ ni kò tíì tọ́ sí, ọmọ tó ń gbé Abẹ́òkúta ò sì sí nínú ẹ̀ rárá. Ẹni tó gba owó tí kò tọ́ sí i lè fi ba ìwé ìgbélùú ara ẹ̀ jẹ́, ẹni tó tọ́ sí tí kò sì bèèrè, owó ẹ̀ ń ṣòfò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá àkọ́kọ́ yìí kẹ́ ẹ tó fo lọ síbi tí iye owó wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo físà yín

Gbólóhùn kan wà lórí físà ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ni "no recourse to public funds", NRPF ni wọ́n ń gé e sí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ lè ṣiṣẹ́, ẹ máa san owó orí, àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ gba àwọn owó ìrànwọ́ kan lọ́wọ́ ìjọba, Child Benefit sì wà lára àwọn owó náà. Físà Skilled Worker, Health and Care, físà akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló sábà máa ń ní i, àti ti ọkọ tàbí ìyàwó tó tẹ̀ lé wọn lọ.

1. Ẹ wọ àkáǹtì UKVI yín, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó físà, lórí ìkànnì ìjọba GOV.UK, ẹ ṣí eVisa yín, ìyẹn físà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Káàdì BRP tí gbogbo èèyàn ń mú kiri tẹ́lẹ̀ ti kúrò ńlẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lohun gbogbo wà báyìí.
2. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ àwọn àdéhùn físà náà sí. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò lè gba public funds, ẹ dúró ńbẹ̀, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù kankan, ẹ lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tẹ́ ẹ ṣì lè gbà nísàlẹ̀.
3. Tẹ́ ẹ bá ti ní Indefinite Leave to Remain tí wọ́n ń pè ní ILR, ìyẹn ìwé tó gbà yín láyè láti máa gbé UK láìní gbèdéke, tàbí ẹ ti di ọmọ ìlú UK, tàbí wọ́n ti fún yín ní ìwé ibi ìsádi, ẹ tẹ̀síwájú.

Físà ẹni tó fẹ́ gba owó ni wọ́n ń wò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á bí ọmọ sí UK, ọmọ á ní pásípọ́ọ̀tù ibẹ̀, bàbá àti ìyá á wá rò pé ti ọmọ á bo tàwọn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ lè jẹ́ ọmọ ìlú UK látòkè délẹ̀, NRPF tó wà lórí físà ìyá àti bàbá ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú tọkọtaya ló ní ILR tàbí pásípọ́ọ̀tù UK tí ìkejì ṣì wà lórí físà, ẹni tó ní ILR yẹn ni kó bèèrè lórúkọ ara ẹ̀, sínú àkáǹtì báńkì tiẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ onífísà jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bèèrè.

Àwọn tó wà lórí físà ẹbí, pàápàá ọ̀nà tí wọ́n fi ń dé ILR lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, lè kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, pé kí wọ́n yọ NRPF kúrò tí ìyà bá ń jẹ ìdílé tàbí tí àìlówó bá ń pa ọmọ lára. Change of conditions ni wọ́n ń pè é. Onífísà iṣẹ́ ò sí nínú èyí. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò tàbí olùdámọ̀ràn tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí, ẹ má ṣe é fúnra yín.

Ó ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní pásípọ́ọ̀tù UK láti kékeré àmọ́ tó jẹ́ pé Ìbarà tàbí Aṣẹ̀rò lẹ ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ẹ má retí owó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, kó sì hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé.

Èló ni owó náà?

Iye tí wọ́n kéde fún ọdún owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025 nìyí:

- Ọmọ tó dàgbà jù, tàbí ọmọ kan ṣoṣo: £26.05 lọ́sẹ̀
- Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó kù: £17.25 lọ́sẹ̀

Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ fún ọdún kan, ọmọ kan jẹ́ £1,354.60, ọmọ méjì £2,251.60, ọmọ mẹ́ta £3,148.60. Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń yí iye yìí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí GOV.UK nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Kò sí iye ọmọ tó pọ̀ jù fún Child Benefit. Ohun tẹ́ ẹ ń gbọ́ nípa ọmọ méjì péré yẹn, Universal Credit, owó ìrànwọ́ mìíràn fún ẹni tí owó ẹ̀ kéré, ló bá wí tẹ́lẹ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló máa ń wọlé, ọjọ́ Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè. Ẹni tó ń dá tọ́mọ tàbí tó ń gba Universal Credit lè ní kí wọ́n máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Fún ìbejì, ọ̀kan ló máa gba iye ti àgbà tí ìkejì á gba iye ti ọmọ tó kù, tí kò bá sí ẹ̀gbọ́n níwájú wọn. Táyé tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n máa kà sí àgbà níbẹ̀, ẹ máà bá wọn fà á pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, iye owó tó ń wọlé ò yàtọ̀. Tí ìdílé méjì bá para pọ̀, ìyá kó ọmọ tiẹ̀ wá, bàbá kó tiẹ̀ wá, ọmọ kan ṣoṣo tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn ló máa gba ti àgbà. Tí tọkọtaya bá sì túká tí ọmọ kan wà lọ́dọ̀ ìyá tí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ bàbá, àwọn méjèèjì ló máa gba iye ti àgbà lórí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìwé ọmọ tí wọ́n bí sílé: ẹ tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Abẹ́òkúta

Ọmọ tí wọ́n bí sí UK rọrùn, wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, HMRC ò sábà bèèrè ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn àdáni kan ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ ló níṣẹ́ nínú. HMRC máa ní kẹ́ ẹ fi ojúlówó sẹtifíkéètì ìbí ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tókọ́pì, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù tí ọmọ fi wọ UK.

Sẹtifíkéètì ìbí ni mo wí o, èyí tí National Population Commission, NPC, fún yín. Káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ ìbí sí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bímọ kì í ṣe sẹtifíkéètì. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ náà kì í ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé káàdì ilé ìwòsàn yẹn nìkan ló wà nínú àpò wọn títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́jọ, ìgbà tí ìlú ọba bá bèèrè ni wọ́n ń sáré. Láti Leeds, ẹ ó wá máa bẹ àbúrò yín pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tò fún yín ní NPC. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì wà nílé.

Ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò lórí ìwé náà:

- Orúkọ ọmọ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Ọmọ Yorùbá lórúkọ púpọ̀, ìyá bàbá sọ tiẹ̀, ìyá ìyá sọ tiẹ̀. Àìsí àmì ohùn ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá jẹ́ Ayọ̀mídé ló wà lórí ọ̀kan tó sì jẹ́ Michael nìkan ló wà lórí èkejì, ìbéèrè máa wà.
- Orúkọ ìyá àti bàbá rí bí ó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù tiwọn.
- Ọjọ́ ìbí ò yàtọ̀ síra. Àwọn kan ti fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ kí wọ́n lè tètè gbà á sí ilé ìwé, ibí yìí ló ti máa ń hàn síta.
- Ẹ ti ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ ti fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ránṣẹ́ láti UK, ẹ lo irú ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n máa ń fọwọ́ sí tó bá débẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má fi pásípọ́ọ̀tù ọmọ ránṣẹ́ nígbà tí ìrìn àjò bá ti sún mọ́lé.

Bí ẹ ṣe máa bèèrè owó náà

1. Ẹ má fi falẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun, wákàtí 48 lẹ́yìn tẹ́ ẹ forúkọ ìbí ẹ̀ sílẹ̀ lẹ ti lè bèèrè. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé bá ẹni tó ní ILR, ẹ bèèrè ní kété tó bá dé. Oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n ń padà sẹ́yìn fún owó yìí. Ọmọ tó dé ní oṣù kìíní tí ẹ wá bèèrè fún un ní oṣù kẹsàn-án, owó bí oṣù márùn-ún ti lọ nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa dá a padà.
2. Ẹ jọ jókòó, ẹ pinnu ẹni tó máa bèèrè láàrin ọkọ àti ìyàwó. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án fún lórí ọmọ kan. Apá tó tẹ̀ lé èyí ṣàlàyé ẹni tó yẹ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ó.
3. Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: sẹtifíkéètì ìbí ọmọ, nọ́ńbà National Insurance (owó tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́) tiyín àti ti ọkọ tàbí ìyàwó yín, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì, àti pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò bá jẹ́ pé UK ni wọ́n bí i sí.
4. Ẹ wọ GOV.UK tàbí ápù HMRC, ẹ wá Child Benefit, ẹ kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè lo fóònù dáadáa lè kọ fọ́ọ̀mù CH2 kó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, tàbí kó pe 0300 200 3100 láti UK.
5. Wọ́n máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí owó máa wọlé tàbí ẹ fẹ́ kí orúkọ yín kàn wà níbẹ̀ láìgba owó. Ẹni tí owó iṣẹ́ ẹ̀ ò pọ̀, kó gba owó. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ ńlá, kó kọ́kọ́ ka apá £60,000 nísàlẹ̀.
6. Tí wọ́n bá bèèrè ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ kíá.
7. Tí lẹ́tà ìdáhùn bá dé, ẹ wo orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n ní owó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ọ̀fẹ́ ni gbogbo èyí o. Kò sí ẹ̀jẹ́ńtì tó ní ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan ní HMRC, yálà ó wà ní Peckham tàbí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní páswọ́ọ̀dù Government Gateway yín kí òun lè bá yín ṣe é, ẹ sá fún un, torí gbogbo ọ̀rọ̀ owó orí yín ló wà lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù yẹn. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun lè bá yín gbà á lórí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Sàpọ́n, irọ́ ló ń pa, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú, wọn ò ní mú òun.

Ta ló yẹ kó bèèrè? Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì wà nínú ẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bàbá ni wọ́n máa ń fi orúkọ ẹ̀ sí gbogbo nǹkan, torí òun ni olórí ilé. Ní ti Child Benefit, mo bẹ̀ yín, ẹ ro ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí Child Benefit, tí ọmọ náà ò tíì pé ọdún 12, ìjọba ń ka ọdún wọ̀nyẹn fún un nínú National Insurance bíi pé ó ń san án, kódà tí kò bá ṣiṣẹ́ rárá. Ọdún National Insurance ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, èèyàn nílò ọdún 10 ó kéré tán kó tó rí nǹkan kan gbà, ó sì sábà máa ń nílò 35 kó tó gbà á pé. Ìyá tó jókòó tọ́ ọmọ mẹ́ta fún ọdún mẹ́sàn-án, tó wá jẹ́ pé orúkọ ọkọ tó ti ń san National Insurance tiẹ̀ níbi iṣẹ́ ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò wúlò fún bàbá, torí ó ti ní tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì wọlé fún ìyá. Ìyá á dàgbà tán, owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ á kéré, kò sì ní mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà:

- Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́, tàbí tí owó iṣẹ́ ẹ̀ kéré débi pé kò dé ibi tí wọ́n ti ń yọ National Insurance, òun ni kó bèèrè, tí físà ẹ̀ bá gbà á láyè.
- Tẹ́ ẹ bá ti fi orúkọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sí i tẹ́lẹ̀, fọ́ọ̀mù CF411A wà tẹ́ ẹ lè fi ní kí wọ́n gbé àwọn ọdún náà fún ẹnì kejì. Ẹ má sọ pé ó ti bọ́.
- Ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó ń gbé UK gan-an, tí kò tíì dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tó ń bá yín tọ́jú ọmọ tí kò tíì pé 12 nígbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣiṣẹ́, lè bèèrè kí wọ́n gbé ọdún náà fún òun, tí ẹni tó ń gba Child Benefit kò bá nílò ẹ̀. Màmá tó wá fi físà àbẹ̀wò ṣe ìtọ́jú ọmọ tuntun ò sí nínú èyí.

Àǹfààní kan tún wà, pé nọ́ńbà National Insurance á máa bọ̀ fún ọmọ fúnra ẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pé 16, láìjẹ́ pé ẹ tún lọ máa wá a kiri.

Tí owó iṣẹ́ bá ju £60,000 lọ

Láti oṣù kẹrin 2024, tí ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ń gbà ju £60,000 lọ́dún lọ, wọ́n máa gba díẹ̀ padà nínú Child Benefit nípasẹ̀ owó orí. Fún £200 kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí £60,000, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ. Tó bá dé £80,000, gbogbo ẹ̀ ló padà. Owó iṣẹ́ ẹni tó ń gbà jù ni wọ́n ń wò, wọn kì í pa ti ọkọ àti ìyàwó pọ̀, torí náà tọkọtaya tí kálukú wọn ń gba £59,000 ò san nǹkan kan padà.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá tó ń gba £66,000 tó sì lọ́mọ méjì ṣe àpẹẹrẹ. £6,000 ló fi lé, ẹ fi 200 pín in, ó jẹ́ 30. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún £2,251 jẹ́ £675, ìyẹn ló máa san padà, bíi £1,576 ṣì kù sọ́wọ́ ìdílé. Tí bàbá yẹn bá wá fi £6,000 kún owó ìfẹ̀yìntì ara ẹ̀ lọ́dún yẹn, iye tí HMRC máa kà fún un á padà sí £60,000, kò ní san kọ́bọ̀ padà. Ọ̀nà tó tọ́ lójú òfin nìyẹn, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ọ́n. Owó tẹ́ ẹ fi ṣàánú lábẹ́ Gift Aid, ètò owó orí ìjọba fún ẹ̀bùn sí àjọ àánú, náà máa ń dín in kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó forúkọ sílẹ̀ fún Gift Aid, ẹ bèèrè ìwé iye tẹ́ ẹ ti san.

Kódà tó bá ju £80,000 lọ, ẹ kọ fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ kàn sọ pé ẹ ò fẹ́ kí owó máa wọlé. Torí ọdún National Insurance tí mo sọ lókè yẹn ni.

Ẹni tó ní láti san padà lè ṣe é nípasẹ̀ Self Assessment, ìyẹn ìwé owó orí tí èèyàn ń kọ fúnra ẹ̀, tàbí kó ní kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù. Ẹ má dúró de lẹ́tà HMRC kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn.

Ìrìn àjò wálé, àti ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí bọ́dìn ní Abẹ́òkúta

Ibí yìí ló ti ń kan àwa tó wà nílé jù.

Ẹni tó ń gba owó lè kúrò ní UK fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìjẹ́ pé owó dúró, tó bá jẹ́ pé ó máa padà. Tó bá jẹ́ pé ìtọ́jú àìsàn ló gbé e lọ tàbí mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ kú, ó lè dé ọ̀sẹ̀ 12. Nítorí náà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ ẹ kó ọmọ wálé kí wọ́n lè mọ ìyá àgbà, kẹ́ ẹ sì gun Olúmọ, kò léwu. Ohun tó léwu ni kẹ́ ẹ wálé fún ìsìnkú bàbá, kẹ́ ẹ tún dúró torí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ọbáńtókò, oṣù mẹ́rin á ti lọ, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

1. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò.
2. Tó bá máa ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, ẹ sọ fún HMRC lórí GOV.UK tàbí nínú ápù.
3. Ẹ tọ́jú boarding pass àlọ àti àbọ̀, ẹ má jù ú nù ní Murtala.
4. Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ wò ó bóyá owó ṣì ń wọlé.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ boarding pass ni pé ìjọba ń lo àkọsílẹ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú báyìí. Lọ́dún 2025 wọ́n dá owó ìdílé tó lé ní 23,000 dúró pé wọ́n ti kúrò ní UK, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé wọ́n ti padà délé tipẹ́, àkọsílẹ̀ ìpadàbọ̀ wọn ni kò sí. HMRC tọrọ àforíjì, àmọ́ ẹni tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ló tètè rí ojútùú.

Ọ̀rọ̀ bọ́dìn wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí máa ń dá ọmọ padà wálé nígbà tó bá wọ ọdún 12 tàbí 13, kó lè gbọ́ Yorùbá, kó mọ ìkíni, kó má baà ṣìwà hù pẹ̀lú ẹgbẹ́ burúkú. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó ti ń gbé bọ́dìn ní Abẹ́òkúta kì í gbé UK mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún HMRC kí owó ẹ̀ dúró, bí ẹ̀yin bá tilẹ̀ ṣì wà ní London tẹ́ ẹ ń fi owó ilé ìwé ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ilé ìwé ibẹ̀ bá kọ ọ́ pé ọmọ ti kúrò ni ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ ìjọba. Tó bá padà lọ, ẹ tún bèèrè lákọ̀tun, ẹ rántí oṣù mẹ́ta yẹn.

Tí ọmọ bá ń lọ sí 16

Owó máa dúró ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ lẹ́yìn tí ọmọ bá pé 16, àyàfi tẹ́ ẹ bá sọ fún HMRC pé ó ṣì wà nílé ìwé. Wọ́n máa fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ girama àgbà bíi A level, T level àti irú wọn yẹn ló wà nínú ẹ̀, ó sì lè máa lọ títí ọmọ fi fẹ́ pé 20. Yunifásítì ò sí nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń pàdánù owó ọdún méjì níbí nítorí pé wọ́n kó kúrò nílé, lẹ́tà lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, nítorí náà ẹ yí àdírẹ́sì yín padà lọ́dọ̀ HMRC nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá kó.

Ohun tẹ́ ẹ ṣì lè gbà tí NRPF bá wà lórí físà yín

Àìtọ́ sí Child Benefit ò ní kẹ́ ẹ káwọ́ gbera. Àwọn nǹkan yìí ò sí lára public funds tí wọ́n kọ̀ fún yín:

- Ilé ìwé ìjọba, ọ̀fẹ́.
- Oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé. Ní England, gbogbo ọmọ tó wà ní Reception, Year 1 àti Year 2 nílé ìwé ìjọba ló ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Fún kíláàsì tó ga jùyẹn, ìdílé NRPF tí owó ẹ̀ kéré lè bèèrè, ọ́fíìsì ilé ìwé ni kẹ́ ẹ lọ.
- Wákàtí 15 lọ́sẹ̀ ní nọ́sìrì fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní England. Ọmọ ọdún méjì náà lè rí i tí owó ìdílé bá kéré, káńsù ni kẹ́ ẹ bi. Wákàtí 30 àti Tax-Free Childcare ní tiwọn ń fẹ́ kí ọ̀kan nínú òbí wà láìsí NRPF.
- Statutory Maternity Pay, owó ìsinmi ìbímọ láti ibi iṣẹ́, ó lè dé ọ̀sẹ̀ 39. Ẹni tí ibi iṣẹ́ sọ pé kò kún ojú ìwọ̀n, kó wo Maternity Allowance, torí iṣẹ́ tó ti ṣe àti owó tó ti gbà nídìí ẹ̀ ni wọ́n ń wò fún un.
- Tí ilé ò bá sí, tí oúnjẹ ò sí fún ọmọ, káńsù lágbára láti ran ọmọ náà lọ́wọ́ lábẹ́ Section 17 òfin Children Act 1989, láìwo físà òbí. Ẹ má fi ìtìjú pa ọmọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland tẹ́ ẹ ní ILR tẹ́ ẹ sì ń gba Universal Credit, Scottish Child Payment wà lọ́tọ̀, £27.15 lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé 16 ni iye tí wọ́n kéde fún ọdún owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Ẹ bèèrè fún un lọ́tọ̀, kì í bá Child Benefit wọlé.

Tẹ́ ẹ bá ti gba owó tí kò tọ́ sí yín, tàbí wọ́n dá tiyín dúró

Ẹni tó wà lórí NRPF tó ti ń gbà á, bóyá ọ̀rẹ́ ló ní kó kọ ọ́, kó má sá pamọ́. Kó kọ́kọ́ lọ bá agbẹjọ́rò físà, kó sọ fún HMRC kí owó dúró, kó sì ṣètò bó ṣe máa san án padà. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó kọ̀wé fún físà tuntun tàbí ILR, torí Home Office àti HMRC ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹni tó tọ́ sí tí wọ́n sì dá tiẹ̀ dúró, tàbí tí wọ́n sọ fún pé kò tọ́ sí:

1. Ẹ ka lẹ́tà náà, ẹ wo ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀.
2. Kí oṣù kan tó pé láti ọjọ́ yẹn, ẹ bèèrè mandatory reconsideration, ìyẹn ni pé kí ẹlòmíràn ní HMRC tún un yẹ̀ wò.
3. Ẹ fi ẹ̀rí tì í: lẹ́tà ilé ìwé ọmọ, àkọsílẹ̀ dókítà, péésílíìpù, ìwé ilé, boarding pass, ojú ìwé eVisa tó fi ILR yín hàn.
4. Tí wọ́n bá tún kọ̀, lẹ́tà wọn kejì máa sọ bẹ́ ẹ ṣe lè gbé e lọ sí tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Citizens Advice, àjọ ìmọ̀ràn tó wà ládùúgbò yín, máa bá yín kọ ọ́ láìgba kọ́bọ̀.